Bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ àfẹnukò nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, látorí ohun tójú rí títí dórí ohun tá a máa ṣe

Ẹ jẹ́ n fi àṣìṣe témi gan-an ṣe bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo gba iṣẹ́, mo ṣí fáìlì bàbá kan tí ò lè dá yí ara ẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, nọ́ọ̀sì mẹ́ta ló ti kọ nǹkan nípa ìdí ẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Ẹni àkọ́kọ́ kọ pé ìdí pọ́n. Ìkejì kọ pé egbò ìdùbúlẹ̀ kékeré. Ìkẹta kọ pé awọ bó, a ti fọ̀ ọ́. Èmi náà yẹ̀ ẹ́ wò, mo fọ̀ ọ́, mo sì kọ tèmi: egbò wà nídìí, a ti tọ́jú ẹ̀, ara bàbá balẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, dókítà tó ń wo egbò dé, ó bi mí pé ṣé ó ń tóbi sí i ni àbí ó ti ń san. Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwa mẹ́rin rí nǹkan kan náà, a sọ ọ́ lórúkọ mẹ́rin, kò sí èyí tó sọ bó ṣe fẹ̀ tó, kò sí èyí tó sọ bó ṣe jìn tó, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fi tàná wé tòní? Kì í ṣe pé a ò ṣiṣẹ́ o, a ṣiṣẹ́ gan-an, iṣẹ́ ọ̀hún ni ò hàn nínú ìwé.

Látìgbà yẹn ló ti yé mi pé ọ̀rọ̀ tí mo bá kọ ló máa sọ ohun tí ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi máa ṣe láago méjì òru, nígbà témi ti wà nílé tí mò ń sùn. Ohun tí mò ń pè ní ọ̀rọ̀ àfẹnukò nìyẹn, ìyẹn orúkọ tí àwọn nọ́ọ̀sì ti jókòó fẹnu kò lé lórí, tí wọ́n kọ ìtumọ̀ ẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì sábà máa ń fún ní nọ́ḿbà kóòdù, débi pé témi bá kọ ọ́ níbí tí ẹlòmíì kà á níbòmíì, ohun kan náà ló máa wá sọ́kàn àwa méjèèjì.

Àwọn tẹ́ ẹ máa bá pàdé

Mi ò ní pẹ́ níbí. Lọ́dún 1973, Kristine Gebbie àti Mary Ann Lavin pe ìpàdé kan ní St. Louis ní Amẹ́ríkà láti to orúkọ àwọn ìṣòro tí nọ́ọ̀sì ń tọ́jú, ibẹ̀ ni NANDA ti wá, wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1982, nígbà tó di 2002 ó ti tàn kọjá Amẹ́ríkà ni wọ́n bá ń pè é ní NANDA International. Tiwọn ni orúkọ ìṣòro. Yunifásítì Iowa ló ṣe NIC, tó jẹ́ orúkọ ohun tí nọ́ọ̀sì ń ṣe, ìwé àkọ́kọ́ jáde ní 1992, wọ́n tún ṣe NOC fún àbájáde, ìyẹn jáde ní 1997. Ẹ̀dà NANDA ti 2021 sí 2023 ní diagnosis, ìyẹn orúkọ ìṣòro, 267 lábẹ́ ìpín ńlá 13, ẹ̀dà 2018 ti NIC ní iṣẹ́ 565, ti NOC ní àbájáde 540.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri ilé àti àdúgbò sábà máa ń lo Omaha System, tó ní ìṣòro 42, tó sì ń fi 1 sí 5 díwọ̀n nǹkan mẹ́ta lórí ìṣòro kọ̀ọ̀kan: ohun tí aláìsàn mọ̀, ohun tó ń ṣe, àti bí ara ẹ̀ ṣe wà. Èmi fẹ́ràn ìyẹn gan-an torí èèyàn lè mọ nǹkan dáadáa kó má sì ṣe é. ICNP wà pẹ̀lú, ti ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àgbáyé tó wà ní Geneva, láti 2021 ló sì ti wà nínú SNOMED CT, tó jẹ́ àpò ọ̀rọ̀ ńlá tí kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń lò fún dókítà, nọ́ọ̀sì àti gbogbo wọn.

Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn bà yín lẹ́rù. Mi ò tíì rí nọ́ọ̀sì kan tó ń lo gbogbo 267. Wọ́ọ̀dù kan kì í sábà lò ju bí ogún lọ, ogún yẹn náà lẹ máa ń rí lójoojúmọ́ tẹ́ ẹ ń pè ní orúkọ tó wu kálukú. Èwo nínú àwọn ìwé yìí lẹ máa lò? Èyí tí ilé ìwòsàn yín ń lò ni. Ẹ má da méjì pọ̀ nítorí pé orúkọ kan dùn létí. NANDA, NIC àti NOC ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ torí àwọn ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ wa nílé ẹ̀kọ́, ìrònú ẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú, torí a ti mú orúkọ lọ́wọ́ ká tó dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti ní ó ṣiṣẹ́ abẹ, a ti kọ Acute pain, ìyẹn ìrora tuntun, sílẹ̀, a ò tíì rí ojú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú bàbá ẹni ọdún 64 kan, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ikùn fún un, ọjọ́ kejì rèé. Kò tíì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó fọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. Tẹ́ ẹ bá bi í pé báwo lara, á ní dáadáa ni. Ẹ ní kó wúkọ́, á wú u díẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí ẹnì kan má gbọ́, á sì dákẹ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á máa dún lọ́fun ẹ̀ ṣùgbọ́n kò jáde. Ẹ fi stethoscope gbọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, ìsàlẹ̀ àyà lápá méjèèjì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tó bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ó ní ìrora òun jẹ́ 3 nínú 10, tó bá wúkọ́ ó di 7. Ó ń mí lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélógún láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ́síjìn ara ẹ̀ 93 nínú ọgọ́rùn-ún láìsí pé ó ń gba ọ́síjìn kankan, ọkàn ń lù 104, BP 128/76, ara gbóná 37.9, ojú ẹ̀ dá sáká.

Ẹ rí i pé ohun tójú rí àti ohun tá a wọ̀n ni gbogbo ìyẹn, mi ò tíì sọ ọ́ lórúkọ kankan. Nǹkan tá a bá lè wọ̀n, ká wọ̀n ọ́n pẹ̀lú òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé mọ̀. Fún irú bàbá yìí, mo máa ń ṣe NEWS2, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń fi nọ́ḿbà sọ bí ara aláìsàn ṣe burú tó, tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn òyìnbó ní Britain, Royal College of Physicians, gbé jáde lọ́dún 2017. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀. Mímí 24 jẹ́ 2. Ọ́síjìn 93 jẹ́ 2. Ọkàn 104 jẹ́ 1. BP, ìgbóná ara àti ojú tó dá sáká, òdo ni gbogbo wọn, kò sì gba ọ́síjìn, òdo náà nìyẹn. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 5. Ní NEWS2, 5 tàbí 6 túmọ̀ sí pé kí ẹni tó mọṣẹ́ wá wo aláìsàn ní kíákíá, ká sì máa wọ̀n ọ́n ó kéré tán ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tó bá di 7 sókè, ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì. Ẹ rántí pé wọn ò ṣe é fún aláboyún, wọn ò sì ṣe é fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún 16, mo ti rí i tí wọ́n lò ó fún àwọn méjèèjì, nọ́ḿbà á jáde o, ṣùgbọ́n irọ́ ni nọ́ḿbà yẹn.

Bàbá tó ní ara òun le dáadáa, òun náà ló jẹ́ 5 yìí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ to àwọn orúkọ tó ṣeé ṣe síwájú yín, kẹ́ ẹ wá yan

Ibí ni mo fẹ́ ká pẹ́ sí díẹ̀.

Orúkọ tó lè wá sọ́kàn èèyàn fún bàbá yìí pọ̀: Acute pain, Ineffective airway clearance, Ineffective breathing pattern, Impaired gas exchange (ọ́síjìn ò wọnú ẹ̀jẹ̀ dáadáa), Risk for infection (ewu kí kòkòrò àrùn wọlé), Impaired physical mobility (kò lè gbéra dáadáa). Gbogbo ẹ̀ ló ní ẹsẹ̀ díẹ̀ tó lè fi dúró. Tẹ́ ẹ bá wá kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ ò kọ nǹkan kan nìyẹn, torí ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín ò ní mọ èyí tó máa kọ́kọ́ dáwọ́ lé.

Ìtumọ̀ ni kẹ́ ẹ gbé, kì í ṣe orúkọ. Orúkọ méjì tó jọra jù níbẹ̀ ni airway clearance àti breathing pattern. Èkíní sọ pé nǹkan wà lọ́nà èémí tí aláìsàn ò lè kó jáde. Ìkejì sọ pé mímí gan-an, bó ṣe ń fà á wọlé tó sì ń tú u jáde, ò tó láti gbé afẹ́fẹ́ tó yẹ wọlé. Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó yẹ kó jáde? Bàbá yìí ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ń dún, ikọ́ ẹ̀ ò lágbára, ìsàlẹ̀ àyà ń dún. Ó wà. Airway clearance ni. Ká ní ó kàn ń mí fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ ni, tí àyà ẹ̀ mọ́, tí kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Acute pain ńkọ́? Òótọ́ ni ìrora wà, ní NANDA ìrora tí ò tíì pé oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, tó bá ti kọjá oṣù mẹ́ta, Chronic pain ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ kọ. Nọ́ọ̀sì alẹ́ á dé, á bá bàbá tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, á bi í, bàbá á ní 3. Mẹ́ta ò burú. Nọ́ọ̀sì á kọ pé ìrora ti rọlẹ̀, á paná, á kọjá sí bẹ́ẹ̀dì tó kàn, ó ṣe ohun tẹ́ ẹ ní kó ṣe, kò jẹ̀bi. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tó bá jẹ́ Ineffective airway clearance lẹ kọ ṣáájú, nọ́ọ̀sì yẹn kan náà á gbé bàbá jókòó, á ní kó wúkọ́, ìgbà yẹn ló máa rí i pé 3 yẹn di 7. Aláìsàn kan náà ni, alẹ́ kan náà ni, orúkọ tó wà lókè ìwé ló yàtọ̀.

Torí náà mo máa kọ méjèèjì, airway ni màá fi ṣáájú, màá fi Acute pain tẹ̀ lé e, màá sì kọ ọ́ kedere pé ìrora ni ò jẹ́ kó wúkọ́. Risk for infection àti ìyókù lè dúró ná.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí ẹ ò kúkú kọ pneumonia. Orúkọ yẹn, dókítà ló ni ín, fọ́tò àyà àti àyẹ̀wò ló máa sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Tiwa ni ohun tí nọ́ọ̀sì lè dáwọ́ lé nísinsìnyí láì dúró de fọ́tò. Àwọn orúkọ méjèèjì ò bá ara wọn jà, ṣùgbọ́n ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún dókítà o, ẹ má fi pamọ́ nítorí pé ẹ ti ní orúkọ tiyín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹsẹ̀ mẹ́ta

Ìṣòro, ohun tó fà á, ẹ̀rí. Èdè yòówù kí ilé ìwòsàn yín máa fi kọ̀wé, ẹsẹ̀ mẹ́ta yìí gbọ́dọ̀ wà. Fún bàbá: Ineffective airway clearance, kóòdù ẹ̀ 00031, ohun tó fà á ni pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ pọ̀ tí kò sì lè wú u jáde nítorí ojú iṣẹ́ abẹ tó ń dùn ún àti pé kò tíì dìde látìgbà tí wọ́n ti ṣe é, ẹ̀rí ni ikọ́ tí ò lágbára, ìsàlẹ̀ àyà tó ń dún, mímí 24, ọ́síjìn 93.

Ohun tẹ́ ẹ bá kọ sí àárín, ìyẹn ohun tó fà á, kó jẹ́ nǹkan tọ́wọ́ nọ́ọ̀sì lè tó. Tẹ́ ẹ bá kọ pé iṣẹ́ abẹ ló fà á, kí lẹ fẹ́ ṣe sí i, ẹ fẹ́ dá iṣẹ́ abẹ padà ni? Ẹ sọ ọ́ títí á fi kan ibi tẹ́ ẹ lè dáwọ́ lé: ìrora, àìdìde, omi tí kò mu tó.

Èyí tó ní Risk níwájú ò ní ẹ̀rí, torí nǹkan ọ̀hún ò tíì ṣẹlẹ̀. Risk for falls, tí ẹ̀dà 2021 sí 2023 sọ di Risk for adult falls, 00303, fún àgbàlagbà, ohun tó lè mú kó ṣubú nìkan lẹ máa kọ: oògùn tó ń mú un sùn, ojú tí ò ríran dáadáa, okùn dírípù tó ń fà káàkiri. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó kọ pé Risk for falls, ẹ̀rí ni pé ó ṣubú lánàá, ẹ bá mi kí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ibi tẹ́ ẹ ń lọ, kẹ́ ẹ tó gbéra

Ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré kọ ohun tá a máa ṣe, lẹ́yìn náà la ó wá máa wá ohun tá a fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Ẹ yí i padà. Nínú NOC, àbájáde kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n 1 sí 5, 1 ló burú jù, 5 ló dáa jù. Ti bàbá ni Respiratory Status: Airway Patency, 0410. Lónìí mo fún un ní 2 lórí agbára láti kó kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, 3 lórí bó ṣe ń mí. Àfojúsùn: 4 lórí méjèèjì kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la. Ẹ rí aago níbẹ̀? Àfojúsùn tí ò ní aago, àdúrà ni.

Ìjà tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbí ni pé 3 tèmi lè jẹ́ 4 tiyín. Ohun tá a ṣe ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ṣiṣẹ́ kan ni pé a jókòó, a kọ ọ́ sára ògiri: fún àgbàlagbà, tó bá ń mí láàárín 21 sí 24 a máa pè é ní 3, tó bá ti wọ 25 sókè ó ti di 2. Àdéhùn tiwa nìyẹn o, kì í ṣe inú ìwé NOC, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tá a ti kọ ọ́ ni iyàn ti parí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ohun tẹ́ ẹ máa ṣe, pẹ̀lú iye ìgbà

Nínú NIC mo máa mú Cough Enhancement, 3250, àti iṣẹ́ ìtọ́jú ìrora. Ẹ ṣọ́ra fún ti ìrora yẹn, 1400 ni mo fi mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ̀dà 2018 ti pín in sí méjì, 1410 ni ti ìrora tuntun. NANDA náà, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún un ṣe, orúkọ míì máa ń yí padà, ẹ wo èyí tó wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó búra.

Orúkọ àti ìtumọ̀ ẹ̀ nìkan la fẹnu kò lé lórí nínú NIC, àwọn iṣẹ́ kéékèèké tó wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ṣà á kó bá aláìsàn yín mu. Má kàn kọ pé a gba bàbá níyànjú láti wúkọ́, kì í ṣe ètò nìyẹn. Ètò ni pé: kí oògùn ìrora tí dókítà kọ ti máa ṣiṣẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e jókòó, ẹ fún un ní píló, kó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún, kó wá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ní wákàtí méjì méjì tí ojú ẹ̀ bá là, kó sì jókòó sórí àga lọ́sàn-án. Gbogbo ẹni tó bá kà á á mọ bó ṣe máa ṣe é.

Ọ̀rọ̀ àfẹnukò yìí, inú ìwé ló wà, kì í ṣe ẹnu aláìsàn. Ẹ ò ní lọ bá bàbá kẹ́ ẹ ní bàbá ẹ ní Ineffective airway clearance. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì jọ báyìí:

"Bàbá, ẹ káàsán sà. Ẹ jẹ́ ká hú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹn jáde díẹ̀."

"Nọ́ọ̀sì ọmọ mi, ó ń dùn mí, ó dà bíi pé ojú abẹ fẹ́ ya."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Kò ní ya. Ẹ gbá píló yìí mọ́ ikùn, ẹ dì í mú dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni sà, ẹ mí sínú… ó yá, ẹ wú u."

Ó wú u, nǹkan jáde, ó ní "háà, ó fúyẹ́." Lẹ́yìn náà lẹ wá lọ kọ 3250 yín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ padà lọ wọ̀n ọ́n

Láago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì: mímí 20, ọ́síjìn 95, ọkàn 92, BP, ìgbóná ara àti ojú ẹ̀ dáa. NEWS2 ti di 2, òdo fún mímí, 1 fún ọ́síjìn, 1 fún ọkàn, kì í ṣe wákàtí kọ̀ọ̀kan mọ́, wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ti tó. Ó ń kó kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde fúnra ẹ̀, NOC 4. Àfojúsùn pé, ìrora nìkan ló kù tá a máa bá lọ.

Tí ò bá pé ńkọ́? Ẹ má sáré fi iṣẹ́ kún iṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ṣé a ṣe ohun tá a kọ lóòótọ́, torí nígbà míì ó wà nínú ìwé, kò sẹ́ni tó gbé bàbá jókòó. Tá a bá ti ṣe é, ṣé ohun tá a ló fà á náà ló fà á? Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni bóyá orúkọ gan-an ni ò bá a mu. Tó bá jẹ́ pé àyà ti mọ́ ṣùgbọ́n ọ́síjìn ṣì ń já wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní airway clearance nìyẹn, ẹ pe dókítà.

Tẹ́ ẹ bá máa pè é, ẹ lo SBAR, látọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ló ti wá sínú ìṣègùn: ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìtàn ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ rò, ohun tẹ́ ẹ fẹ́. "Dókítà, bàbá ẹni ọdún 64 ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin, NEWS2 ẹ̀ ti kúrò ní 2 di 6 láàárín wákàtí méjì. Ọjọ́ kẹta iṣẹ́ abẹ ikùn. Ọ́síjìn 91, ó ń mí 23, àyà ọ̀tún ò fi bẹ́ẹ̀ gbé afẹ́fẹ́. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá wò ó báyìí, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ ọ́síjìn?" Fi wé "Dókítà, bàbá yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ dáa o." Èwo lẹ rò pé ó máa gbé dókítà dìde?

Padà sórí egbò yẹn

Ẹ rántí bàbá àkọ́kọ́. Egbò ìdùbúlẹ̀ ní ìpele tí gbogbo wa ń lò, láti 2016 sì ni ẹgbẹ́ tó ń rí sí i ní Amẹ́ríkà ti ní ká máa pè é ní pressure injury, kì í ṣe ulcer mọ́, torí awọ lè tíì má ya kí jàǹbá ti wà nísàlẹ̀. Stage 1, awọ ò tíì bó, ó pọ́n, tẹ́ ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́ kò ní funfun. Stage 2, awọ òkè ti bó, ojú ẹ̀ pupa ó sì ní ọ̀rinrin. Stage 3, ẹ ti ń rí ọ̀rá. Stage 4, iṣan tàbí egungun ti yọ. Tí òkú ẹran bá bo ìsàlẹ̀ tẹ́ ẹ ò rí i, unstageable ni, ẹ má fojú bù ú.

Awọ dúdú kì í fi pípọ́n hàn bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ń dúró de pupa lára èèyàn dúdú á pẹ́ dé. Ẹ fọwọ́ kàn án: ṣé ó gbóná ju ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ tàbí ó tutù jù, ṣé ó le, ṣé ó rọ̀ bàjẹ́, ṣé ó ń dùn ún, ṣé àwọ̀ ẹ̀ ti dúdú sí i tàbí ó ní àwọ̀ àlùkò. Ìyẹn náà, kí ẹ kọ ọ́.

Ohun tó yẹ kí n kọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn nìyí: pressure injury stage 2 lórí sacrum, gígùn 3 cm, fífẹ̀ 2 cm, ojú ẹ̀ pupa, omi díẹ̀, kò rùn, Braden 13. Kò gbà ju ìlà kan àbọ̀ lọ. Braden yẹn, òṣùwọ̀n ewu egbò ìdùbúlẹ̀, 6 sí 23 ni, bó bá ṣe kéré tó ni ewu ṣe pọ̀ tó, 18 wálẹ̀ ti wọ ibi ewu. Àwọn kan máa ń yí i sódì torí Morse ti ìṣubú ń lọ lódìkejì, tòun bó bá ṣe pọ̀ ni ewu ṣe pọ̀.

Ìkékúrú tó ń pànìyàn

Ọ̀rọ̀ àfẹnukò tún kan ohun tá a fẹnu kò pé a ò gbọ́dọ̀ kọ. Joint Commission, ẹgbẹ́ tó ń yẹ ilé ìwòsàn wò ní Amẹ́ríkà, gbé àkójọ kan jáde lọ́dún 2004, ìdí tí wọ́n fi ṣe é ò lọ́jọ́ orí. Ẹ má kọ U fún yúníìtì: ẹni tó fọwọ́ sáré kọ ínsúlíìnì 10U, ẹlòmíì á kà á ní 100. Ẹ má fi òdo sẹ́yìn, 1.0 mg lè di 10. Ẹ má gbàgbé òdo níwájú, .5 lè di 5, ẹ kọ 0.5. MS lè jẹ́ morphine sulfate, ó lè jẹ́ magnesium sulfate, oògùn méjèèjì ò sì jọra níbì kankan. Ẹ kọ ọ́ pé, ìyẹn ò gba ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún.

Nígbà tó bá wà nínú kọ̀ǹpútà

Kọ̀ǹpútà máa ń gbé àkójọ síwájú yín, ọwọ́ ẹni tó ti rẹ̀ sì máa ń tẹ èyí tó wà lókè pátápátá. Mo ti rí wọ́ọ̀dù tí gbogbo aláìsàn ní diagnosis kan náà, kí ló ṣẹlẹ̀, lẹ́tà A ló fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tó tún burú ni kéèyàn da nóòtì àná kọ sí tòní, mo ti ka nóòtì tó ní aláìsàn ń rìn lọ rìn bọ̀ ní wọ́ọ̀dù, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ẹ̀ láàárọ̀.

Tí orúkọ tó wà nínú àkójọ ò bá mú gbogbo ohun tẹ́ ẹ rí, ẹ yan èyí tó sún mọ́ ọn jù, kẹ́ ẹ fi gbólóhùn tiyín tẹ̀ lé e. Kò sí orúkọ kankan nínú NANDA tó máa sọ pé bàbá ò fẹ́ wúkọ́ torí ó ń tijú kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ má jáde níwájú ọmọ ẹ̀. Ìyẹn náà wúlò, ẹ kọ ọ́. Ẹ má ṣe kọ pé alágídí ni o.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù yín

Ẹ mú fáìlì aláìsàn ogún tó kọjá lọ́wọ́ yín, ẹ wo ìṣòro tó ń jáde léraléra, ẹ mú mẹ́wàá. Ẹ kọ ìtumọ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sórí káàdì kan, orúkọ àti ìtumọ̀ o, kì í ṣe orúkọ nìkan, kí káàdì wà níbi tọ́wọ́ ń dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí nọ́ọ̀sì méjì lọ wo aláìsàn kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí kálukú kọ tiẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé ìwé méjèèjì síra. Tó bá yàtọ̀, ẹ má jókòó máa jiyàn nídìí tábìlì, ẹ jọ padà sídìí bẹ́ẹ̀dì, ẹ gbé aláìsàn jókòó, kẹ́ ẹ ní kó wúkọ́.